Herbert Macaulay àti ìjókòó tí kò lè dù

Ó ti di àṣà wa láti máa sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá tí ó ti sùn. Ti oṣù yìí kì í ṣe ìtàn ẹni mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tí a lè nà ìka sí fún àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láìṣe àlàyé díẹ̀. Ohun tí ó mú un wá sí ọkàn wa ni pé, li àṣálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa nínú ilé, ó ní òun fẹ́ du ìjókòó kánsílọ̀ fún wọ́ọ̀dù òun ní Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn alátakò òun ti ń fi ọ̀ràn àtijọ́ kan tí ilé ẹjọ́ dá òun lẹ́bi rẹ̀ kọrin li ọjà. Ó bi wá léèrè bí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti dé bá rí tún lè jáde síwájú àwọn ará ìlú. Àwa kò rí ìdáhùn fún un li ọjọ́ náà. Nígbà tí ó lọ tán, ọkàn wa lọ sí ọ̀dọ̀ olóògbé Herbert Macaulay ti Èkó, nítorí nínú gbogbo àwọn tí ó ti ṣe ọ̀ràn ìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa kò mọ ẹni tí ìbéèrè náà bá mu bí tirẹ̀.

A bí i li Èkó li ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, 1864. Li oṣù Kẹfà ọdún náà gan-an li a fi bàbá ìyá rẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther, jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì wá di Bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ Crowther tí ń jẹ́ Abigail ni ìyá Herbert. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ li Èkó li ọdún 1859, tí ó sì ṣe olórí rẹ̀ títí ikú fi mú un lọ li ọdún 1878. Ọmọ náà kò ì tí ì pé ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ó di aláìní bàbá.

Ẹni tí ó bá wo irú ilé yìí yóò rò pé àlùfáà li ọmọ náà yóò dà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba li ó wọ̀. Li ọdún 1881 ó di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ P.W.D., li ọdún 1890 ìjọba sì rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọ̀gá tí a fi í sí abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni G. D. Bellamy, ẹni tí í ṣe wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ àti alábòójútó omi fún ìlú náà.

Àwa fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí àwọn tí ń sọ ìtàn Macaulay a máa fo ọdún mẹ́ta Plymouth yìí kọjá. Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ìránṣẹ́ Gómìnà kan. Ìránṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú ni. Láti ọdún 1835 li òfin ti fi í lélẹ̀ li àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn tí ń san owó ìlú ni kí ó máa dìbò yan àwọn tí yóò máa ná an: owó ọ̀nà, owó omi, owó iná òpópó, owó gọ́tà. Láti ọdún 1869 pàápàá, obìnrin tí ń san owó ìlú fúnra rẹ̀, tí kò sì sí li abẹ́ ọkọ, ti ní àǹfààní láti dìbò yan ìgbìmọ̀ náà. Bí páìpù omi bá bẹ́ ní Plymouth, ará ìlú mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè, ó sì mọ ọ̀nà tí òun lè gbà yọ ọ́ kúrò li orí àga. Ọmọ Èkó yìí kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń ya àwòrán, ojú rẹ̀ sì wà lára wọn.

Nígbà tí ó wà níbẹ̀ ni ìbànújẹ́ ńlá dé bá ìdílé wọn. Li oṣù Kẹjọ, 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó ti iṣẹ́ Ìjọ li agbègbè odò Ọya dojú kọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àgbàlagbà li Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró li ojú rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ sì di ohun tí a kò kà sí mọ́. Ó kú li Èkó li ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó padà bọ̀. Ìjọ wa kò lè fi ọ̀ràn náà pamọ́, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Àwa kì yóò sọ pé òun li ó sọ Herbert di alátakò ìjọba, nítorí a kò rí inú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe bọ́ àgbà sí ìhòòhò nínú ìgbìmọ̀ tí àwọn tirẹ̀ kò pọ̀ tó láti gbà á, onítọ̀hún yóò mọ iye tí ìjókòó kan jẹ́.

Ó padà dé li ọdún 1893, ìjọba fi í ṣe wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ ilẹ̀ Ọba. Li ọdún 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń ṣe ti ara rẹ̀. Li oṣù Kejìlá ọdún náà ó gbé Caroline Pratt ní ìyàwó. Kò pé ọdún kan tí obìnrin náà fi kú, Macaulay kò sì tún ṣe ìgbéyàwó mọ́. Àwọn tí ó bá ti rí àwòrán rẹ̀ yóò rántí irunmú rẹ̀ funfun tí ó na apá sí ọ̀tún àti sí òsì. Ó mọ fáólìnì í ta pẹ̀lú.

Ọ̀ràn omi wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ mú un wọ inú ìjà ìlú. Nígbà ìṣàkóso Gómìnà Egerton, ìjọba pinnu láti fa omi láti Ìjù wá sí Èkó, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀. Li ọdún 1908 ìlú fárígá. Àwọn àgbà ní kànga àwọn tó àwọn, pé nítorí àwọn òyìnbó li a ṣe ń fa omi náà, pé a kò sì pe àwọn sí ibi tí a ti gbèrò rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti bá ọ̀ràn náà jà. Macaulay náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ̀wé. Kì í ṣe pé omi burú. Omi Ìjù mọ́ ju omi kànga Èkó lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti pọn omi odò li ẹ̀ẹ̀rùn ní ìlú wa yìí kò ní bú ẹ̀rọ omi. Ohun tí ó dun àwọn ará Èkó ni pé a bu owó lé wọn li orí nínú yàrá tí ẹni tí wọ́n yàn kò sí níbẹ̀.

Wàyí o, àwa dé ibi tí ó ṣòro nínú ìtàn náà. Li ọdún 1913 a fi ẹ̀sùn kan Macaulay pé ó ṣe owó ogún kan tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ básubàsu. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, a sì fi í sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò yé sọ pé rìkíṣí àwọn òyìnbó ni, nítorí ohun tí ó ń kọ sí wọn. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò yé sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Àwa tí a kò sí níbẹ̀ kì yóò gun orí àga onídàájọ́. A ó kàn sọ pé owó ogún owó ẹlòmíràn ni, kì í sì í ṣe òyìnbó li ó ni ín. Bí ó ti wù kí ó rí, nígbà tí òfin ìbò dé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wà li ọrùn rẹ̀.

Òfin náà kò sì pẹ́ dé. Òfin tí a ṣe li ọdún 1917 nípa àkóso àwọn ìlú pín wọn sí ipele mẹ́ta, Èkó nìkan li ó sì bọ́ sí ipele kìíní. Li ọdún 1920 li àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan ènìyàn sí Ìgbìmọ̀ Ìlú. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ó dà bí ìbò tí àwa ń dì lónìí, tí a ó tò láti òwúrọ̀, tí ìyá arúgbó yóò na ìka tí a fi yíńkì sí li àtàǹpàkò. Ìjókòó díẹ̀ li a fi sílẹ̀ fún àwọn tí a ó dìbò yàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tí Gómìnà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú li ó pọ̀ jù, òyìnbó sì ni alága. Ọkùnrin tí ohun ìní rẹ̀ tó iye kan li ó lè dìbò. Obìnrin kò ní ìbò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin li ó ni ọjà, tí owó ọjà sì ń wọ àpò ìlú.

Li ọdún 1920 kan náà Macaulay bá Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, lọ sí London. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ li Àpápá li ọdún 1913, wọn kò sì fẹ́ san iye tí ó tọ́ sí onílẹ̀. Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ mọ ààlà. Iṣẹ́ ọwọ́ Macaulay li ó wá di ohun ìjà rẹ̀. Li oṣù Keje, 1921, Prífì Káńsù, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún wa nígbà náà, dájọ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, pé kí ìjọba san owó rẹ̀ ní kíkún. £22,500 li owó náà. Nígbà tí Macaulay wà li ọ̀hún, ọ̀pá àṣẹ Eléko, Ọba Èṣùgbàyí, wà li ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ nípa ipò ọba náà tí inú ìjọba kò dùn sí. Wọ́n ní kí ọba sẹ́ ẹ. Ọba kò sẹ́ ẹ bí wọ́n ti fẹ́. Wọn kò kà á sí ọba mọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1925 wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Bí ìjà ilẹ̀ àti ìjà ọba ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ li ọ̀nà ìbò ń gbòòrò. Gómìnà Clifford ṣe òfin ìjọba tuntun li ọdún 1922: ìjókòó mẹ́rin nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin yóò jẹ́ ti àwọn tí a dìbò yàn, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Ọkùnrin tí ó ti gbé ní ìlú fún ọdún kan, tí owó tí ń wọlé fún un li ọdún sì tó £100, òun li ó lè dìbò. Li ọdún 1923 Macaulay àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Nigerian National Democratic Party sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ tí ó fi ara rẹ̀ fún ìbò ní ilẹ̀ wa. Li oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ẹgbẹ́ náà gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó: Dókítà C. C. Adeniyi-Jones, agbẹjọ́rò Egerton Shyngle àti agbẹjọ́rò Eric Moore. Wọ́n du ìjókòó Ìgbìmọ̀ Ìlú pẹ̀lú, wọ́n sì borí. Láti ọdún náà títí di 1938, nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ènìyàn Macaulay li ó ń jókòó fún Èkó ní ìgbìmọ̀ méjèèjì.

Orúkọ Macaulay fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìbò kankan. Ohun tí àwa fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn rò nìyí. Òun li ó kó ẹgbẹ́ jọ, òun li ó kọ ìwé rẹ̀, òun li ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ li alẹ́. Nígbà tí a bá ka ìbò tán, ẹlòmíràn li a ó gbé aṣọ oyè wọ̀. Àwọn ẹlòmíràn yìí jẹ́ dókítà àti agbẹjọ́rò, ènìyàn tí kò ní àbààwọ́n li ojú òfin. Ṣùgbọ́n gbogbo Èkó mọ ilé tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ du ìjókòó ní láti lọ sí Kirsten Hall, ilé Macaulay li òpópó Balbina. Wọ́n sọ ọ́ ní Ejò-nígboro, nítorí wọ́n ní ìwé àṣírí ìjọba kì í pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ta ni ó sì ń tẹ̀ lé e? Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì li agbára rẹ̀ wà. Àwọn ènìyàn Ìgá Ìdúngànrán ni, àwọn ìjòyè onílẹ̀ ni, àwọn Mùsùlùmí tí a ń pè ní Jàmáà ni, àti àwọn obìnrin ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́lá Èkó tí ó jókòó li àga iwájú nínú àwọn ìjọ ńlá li ó kórìíra rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń hó ìhó ayọ̀ ní ìpàdé rẹ̀ kò ní ìbò: àwọn ọkùnrin kan kò ní £100, àwọn obìnrin kò sì lè dìbò bí wọ́n tilẹ̀ ní i. Nítorí náà ẹgbẹ́ tí ó borí nínú ìbò jẹ́ ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ kò lè jókòó, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lè dìbò. Síbẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ní £100 yóò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ kí ó tó jáde nílé li ọjọ́ ìbò, Macaulay sì mọ èyí.

Kí li àwọn tí a yàn náà rí ṣe? Àwa kì yóò bù mọ́ ọn. Wọ́n kéré níye, wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n lè bèèrè, wọn kò lè borí nígbà tí a bá ka ọwọ́. Li ọdún 1924 àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ li Èkó, ó sì pa ènìyàn fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ìjọba pinnu láti wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra, kò gbé iṣẹ́ náà lé Ìgbìmọ̀ Ìlú lọ́wọ́. Li ọdún 1928 ó dá ìgbìmọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún títún Èkó ṣe, ó sì fi àṣẹ lé e li ọwọ́. Ẹni tí ó bá ti du ìjókòó, tí ó ti ná owó, tí ó sì wá rí i pé a ti gbé ohun tí ó tìtorí rẹ̀ jókòó lọ sí yàrá kejì, òun nìkan li ó lè sọ bí ó ti rí. Ó dà bí ẹni pé ọ̀ràn náà kò ì tí ì jìnnà sí wa: li ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé àwọn tí a dìbò yàn ni kí ó sì máa ṣe àkóso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ya sí ilé díẹ̀. Nígbà tí Èkó ń dìbò, kò sí àpótí ìbò ní Ìkẹ́rẹ́. Ògògà àti àwọn ìjòyè li ó ń ṣe àkóso li abẹ́ ojú àwọn òyìnbó aláṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí nǹkan ti rí, kí ó wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́: Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó sì ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e. Li ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìfihàn ńlá tí a ṣe ní Wembley, ilé ìṣúra British Museum sì gbà á. Àga ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì li a fi fún Ògògà ní ìpàrọ̀. Li Èkó wọ́n ń du ìjókòó. Ní Ìkẹ́rẹ́ a rí àga gbà, a fi ilẹ̀kùn dípò rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Macaulay tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i. Li ọdún 1927 òun àti Dókítà J. Akilade Caulcrick gba ìwé ìròhìn Lagos Daily News, pẹ̀lú rẹ̀ li ó sì fi ń na àwọn ọ̀tá rẹ̀ li ọ̀rọ̀, nígbà mìíràn ju bí ó ti yẹ lọ. Li ọdún 1928 ìwé náà gbé ìròhìn jáde pé a ń dìtẹ̀ láti pa Eléko tí ó wà ní ìgbèkùn. Ilé ẹjọ́ ní irọ́ ni, ó sì rán Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni ọdún mẹ́talélọ́gọ́ta sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Bí ìrètí kankan bá wà tẹ́lẹ̀ pé òun yóò du ìjókòó níjọ́ kan, ó parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Eléko tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé dé Prífì Káńsù so èso: li ọdún 1931, nígbà Gómìnà Cameron, Ọba Èṣùgbàyí padà wá sí Èkó. Ó kú li ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí a sọ bí ó ti pàdánù pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ li ọdún 1934: Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, H. O. Davies àti àwọn mìíràn. Ẹgbẹ́ náà wá ń jẹ́ Nigerian Youth Movement. Wọ́n ní àwọn àgbà ti pẹ́ jù li orí àga, pé ọ̀ràn Èkó nìkan ni wọ́n mọ̀, pé Nàìjíríà tóbi ju òpópó Balbina lọ. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Àwa ará Èkìtì kò rí ẹgbẹ́ Macaulay li ẹnu ọ̀nà wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Li ọdún 1938 àwọn ọ̀dọ́ náà du ìjókòó Ìgbìmọ̀ Ìlú àti ti Aṣòfin, wọ́n sì borí wọn. Bàbá gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àwọn obìnrin ọjà kò fi í sílẹ̀. Li ọdún 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí li ọwọ́ àwọn obìnrin Èkó, Alimotu Pelewura, olórí ọjà Ẹrẹ́kọ̀, kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ti ọjà, wọ́n sì lọ bá ìjọba. Ìjọba sún iye owó náà sókè títí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ li ó kàn. Nínú irú ìjà wọ̀nyí, Macaulay ni akọ̀wé àti olùgbìmọ̀ wọn. Pelewura kò mọ̀wé, òun kò sì ní ìbò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lágbára li Èkó ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó ní méjèèjì lọ.

Li oṣù Kẹjọ, 1944, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ N.C.N.C., Dókítà Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ Èkó nìkan mọ́. Li ọdún 1946 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rin gbogbo Nàìjíríà ká láti tako òfin ìjọba tí Gómìnà Richards ṣe láìbi ará ìlú. Arúgbó náà bá wọn lọ. Àìsàn dá a dúró ní Kano, a gbé e padà sí Èkó, ó sì kú li ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 1946. Itẹ́ òkú Ìkòyí li a sin ín sí, ogunlọ́gọ̀ sì tẹ̀ lé òkú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, li 1950, gbogbo àgbàlagbà Èkó, ọkùnrin àti obìnrin, dìbò yan Ìgbìmọ̀ Ìlú. Ìjókòó mẹ́rìnlélógún li a dù. Ẹgbẹ́ N.C.N.C. àti àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ àtijọ́ Macaulay dara pọ̀, wọ́n gba méjìdínlógún, Dókítà Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di Méyọ̀ àkọ́kọ́ li Èkó. Àwa kì yóò sọ pé ìgbìmọ̀ náà ṣe rere; a tú u ká li ọdún 1953. Li 1952 ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn wá ṣí ọ̀nà fún àwa náà li Èkìtì láti dìbò yan kánsílọ̀, àwọn ọba àti ìjòyè sì ní ìpín tiwọn nínú ìgbìmọ̀. Àwòrán Macaulay, ẹlẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, wà li ojú owó náírà kan láti 1979, ó sì wà li ara owó wẹ́wẹ́ náírà kan tí ó jáde li 1991. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí kò mọ owó náà, nítorí kò sí ohun tí a lè fi rà.

Àwa fi ìwé yìí han ọ̀dọ́mọkùnrin wa kí a tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó kà á títí dé òpin láìsọ̀rọ̀. Àwa sọ fún un pé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò ti ilẹ̀kùn títí láé mọ́ ẹni tí a dá lẹ́bi nínú ọ̀ràn àìṣòótọ́ tí ó sì fẹ́ lọ sí Ilé Aṣòfin. Ọdún mẹ́wàá li ó dá a dúró. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ti wà nígbà náà, ẹni tí a dá lẹ́bi li 1913 ì bá ti lè yọjú li 1923. Ti ìjókòó kánsílọ̀ ńkọ́? A ní kí ó lọ bá agbẹjọ́rò, kí ó bá a wo ìwé òfin ìjọba ìbílẹ̀ dáadáa, kí ó má sì fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó jókòó, ó ka ọdún li orí ìka rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni. Ó dìde, ó kí wa, ó sì ní òun yóò wá ẹlòmíràn ní wọ́ọ̀dù náà tí òun lè bá rìn dé ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn. A gbọ́ pé olùkọ́ obìnrin kan ti gbà.